Ta Ló Ni Ilé Ìwòsàn Tí Ẹ Ń Gbé Ajá Yín Lọ?

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ń bí i. Ó ti gbé ológbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó ti ń lò láti ọdún mẹ́fà. Orúkọ tó wà lára ògiri kò yí padà, àga tó máa ń jókòó lé kò yí padà, ọmọbìnrin tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lẹ́nu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n ní kó san nìkan ló yí padà. Ìgbà tó wádìí ló gbọ́ pé dókítà àgbà ti ta ilé ìwòsàn náà fún kọ́ńpìnnì kan láti bí ọdún kan sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí Màmá kan ládùúgbò wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, fi dá mi dúró. Ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ ajá kan wá fún wọn. Wọ́n ní, "Dókítà kan wà nítòsí wa tó dá ń ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ọmọ mi tó wà ní Èkó ní àwọn tó ní bráǹṣì káàkiri ni kí n wá lọ, pé àwọn ló mọ iṣẹ́ jù. Èwo ni kí n ṣe báyìí?"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbé wá bá mi, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti Manchester kọ́ ni ìdáhùn ti Òkè-Àró. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn, nítorí mo ń rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìròyìn ìlú òyìnbó yan dókítà fún ajá tó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Ta là ń pè ní dókítà ẹranko, kí sì ni ti kọ́ńpìnnì?

Dókítà ẹranko ni ẹni tó lọ sí yunifásítì, tó lo ọdún 6 nídìí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, tí Veterinary Council of Nigeria sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ yìí, tí wọ́n ń gé kúrú sí VCN, ni òfin gbé àmójútó iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ wọn kò láṣẹ láti pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹranko, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ gún tó.

Ilé ìwòsàn ti dókítà ni èyí tí dókítà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Òun ló ni ín, òun ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló ń pinnu iye tí ẹ ó san. Ilé ìwòsàn ti kọ́ńpìnnì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ kan dá sílẹ̀ tàbí tó rà, tó sì ní irú rẹ̀ púpọ̀ káàkiri. Dókítà náà ló ń tọ́jú ẹranko níbẹ̀, àmọ́ owó oṣù ló ń gbà. Ẹni tó ni ín lè má jẹ́ dókítà rárá, ó sì lè má fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹ wo ọkọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Awakọ̀ kan ló ni ọkọ̀ tirẹ̀. Èkejì ń wa ọkọ̀ olówó, ó sì gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ iye owó kan fún un ní alaalẹ́. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, àwọn méjèèjì sì lè mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ rẹ̀ lè sọ pé, "Màmá, ẹ wọlé, ẹ ó san ìyókù tí ẹ bá ń padà bọ̀." Ẹni tó ń jíṣẹ́ owó kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ pé ó fi àpò ara rẹ̀ dí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí táyà bá jẹ tán, ẹni tó dá ni ọkọ̀ lè máa fi í rìn bẹ́ẹ̀ títí owó yóò fi wọlé, nígbà tí olówó ọkọ̀ kejì ti ra táyà tuntun. Ẹ fi àwọn awakọ̀ méjì yìí sọ́kàn.

Kí ló gbé kọ́ńpìnnì dé ìdí ajá àti ológbò?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ẹranko nìkan ló lè ni ilé ìwòsàn ẹranko tẹ́lẹ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n dẹ ìlànà yẹn, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà náà fi lè máa rà á. Lọ́dún 2013, nínú ilé ìwòsàn ẹranko 10 tó wà níbẹ̀, bí ẹyọ kan péré ló wà lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì ńláńlá. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti di 6 nínú 10, mẹ́fà náà sì ni àwọn kọ́ńpìnnì tó kó o jọ.

Ní Amẹ́ríkà, Mars tó ń ṣe ṣokoléètì Snickers ra VCA lọ́dún 2017 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 9 dọ́là. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ìwòsàn ẹranko ni VCA ní. Mars yìí náà ló ń ṣe Pedigree àti Royal Canin, oúnjẹ ajá tí ẹ máa ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù. Linnaeus, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn ni. Èmi kò sọ pé oúnjẹ wọn kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ fún ajá ló tún ni ibi tí wọn ó ti sọ fún yín irú oúnjẹ tó yẹ kí ajá náà jẹ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń mú dókítà tà á? Ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ń wá ẹni tí yóò ra ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́. Dókítà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, òmíràn kò sì fẹ́ wàhálà owó-orí àti owó oṣù òṣìṣẹ́. Ẹranko ló fẹ́ tọ́jú. Kọ́ńpìnnì nìkan ló lè kówó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè bá dókítà tó ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó jà.

Ibi tó dun àbúrò mi ni pé wọn kò sọ fún un, kì í sì í ṣe òun nìkan. Àjọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, CMA, bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú sọ tẹnu wọn, èsì tó wọlé tó 56,000. Wọ́n rí i pé mẹ́rin nínú àwọn kọ́ńpìnnì mẹ́fà náà kì í yí orúkọ padà tí wọ́n bá ra ilé ìwòsàn. Oníbàárà á rò pé ọ̀dọ̀ dókítà òun àtijọ́ lòún ń lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni ti kọ́ńpìnnì wọ́n jù?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, CMA gbé ohun tí wọ́n ti rí títí di ìgbà yẹn jáde: bí a bá pín in dọ́gba, owó àwọn kọ́ńpìnnì ńlá fi 16.6 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn dókítà tó ń dá ṣe tiwọn. Ìyẹn ni pé níbi tí dókítà bá ti gba 1,000, kọ́ńpìnnì á gba nǹkan bíi 1,166.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ojúkòkòrò. Ẹ̀rọ ń gbówó, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹranko mọ́jú ń gbówó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kó yé wa. Kọ́ńpìnnì ńlá lè ní ilé ìwòsàn, kó tún ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó ní ilé ìwòsàn àkànṣe tí wọ́n ń gbé àìsàn tó le lọ, kó ní ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí dórí ibi tí wọ́n ti ń sun òkú ẹranko. Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò sí i, àpò kan náà ni owó ń já sí. Ó dà bíi mẹkáníìkì tó tún ń ta páàtì. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, páàtì tó ní kí ẹ pààrọ̀ sì lè ti bàjẹ́ ní tòótọ́. Síbẹ̀ ẹ ó fẹ́ kí ojú mìíràn bá yín wò ó.

Kí ni kọ́ńpìnnì lè ṣe tí dókítà kan ṣoṣo kò lè ṣe?

Ọwọ́ púpọ̀ ni. Ajá ńlá bíi Boerboel tàbí Alsatian lè jẹun tán, kí ikùn rẹ̀ wú kó sì lọ́ pọ̀ mọ́ra, ó sì di dandan kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárín wákàtí díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kú. Tó bá jẹ́ aago méjì òru nìyẹn, tí dókítà yín kan ṣoṣo sì lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkàrẹ́, ìfẹ́ tó ní sí ajá yín kò lè gbà á. Ibi tí dókítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà, tí ẹ̀rọ X-ray àti ẹ̀rọ scan wà, ẹnì kan á wà nílẹ̀. Dókítà kékeré níbẹ̀ náà sì ní àgbà tó lè pè tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú.

Ohun tí ọwọ́ púpọ̀ ń gbà lọ ni ìrántí. Dókítà tó ti ń tọ́jú ajá yín láti kékeré á rántí pé ojú rẹ̀ wú lọ́jọ́ tí wọ́n gún un ní irú abẹ́rẹ́ kan. Ibi tí ẹ ti ń bá ojú tuntun pàdé nígbà gbogbo, inú ìwé nìkan ni ìrántí wà, tí ẹni tó kọ́kọ́ rí i bá rántí kọ ọ́.

Ní Àkúrẹ́ ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yà kúrò ní ti Manchester. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnu ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà wọlé, dókítà tó forúkọ sílẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ohun tó kù ni ta ló ni ilé. Lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé dókítà tilẹ̀ ni ẹni tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ wà, ẹni tó ń ta ọmọ ajá wà, ẹni tó bá dókítà ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì tó sì ra àpò abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wà. "Dókítà" ni a ń pe gbogbo wọn.

Mo san owó ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ọmọ ajá kan, mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ọkùnrin kan wá sílé láti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Inú ọ̀rá dúdú ló ti yọ ìgò náà. Kò sí yìnyín, kò sí káàdì, èmi náà kò sì béèrè. Owó rẹ̀ kéré, ó yára, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ajá mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí bì, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Dókítà tí mo gbé e lọ nígbẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Níbo ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn pa mọ́ sí kí wọ́n tó gún un?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Abọ́ tí ajá náà fi ń mumi ṣì wà lẹ́yìn ilé wa dòní.

Parvo ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ọmọ ajá ló sì ń pa jù. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà fífọ ilé nìkan kò tó. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ àjẹsára rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọn á sì tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 kò bá yín sọ òótọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ara ajá. Ẹja tútù tó bá ti bàjẹ́ á rùn, ẹ ó sì mọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bàjẹ́ kì í rùn. Wọn á gún un, ẹ ó sanwó, ọkàn yín á balẹ̀, ajá yín kò sì ní ààbò kankan. Ẹ wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná BEDC tó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní tèmi, fíríìjì ilé ìwòsàn ẹranko ní Àkúrẹ́ ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá lọ. Ẹni tó ní sólà tàbí jẹnẹrétọ̀, tí tẹmómítà sì wà nínú fíríìjì rẹ̀, á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀.

Ohun kejì tó jẹ́ tiwa ni adìyẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko lágbègbè wa, oko adìyẹ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ṣòro. Àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹgbẹ̀rún adìyẹ lóòjọ́ lè má tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá láti ọdún mẹ́ta. Kò sí àfojúdi nínú kí ẹ béèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń tọ́jú ológbò dáadáa?" Ológbò kì í ṣe ajá kékeré, paracetamol tí a ń rà ní kẹ́mísì fún ẹ̀fọ́rí lè pa á.

Ẹ má gbàgbé pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àwọn dókítà ẹranko lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Tí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá agbára àwọn tó wà nílé, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà wọ̀nyí, ni ọ̀pọ̀ ń gbé ẹranko lọ.

Ṣé káàdì àjẹsára ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe pàtàkì. Mo mọ̀ pé ẹran Ògún ni ajá nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Oǹdó, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá rí ẹni tó gbé ajá wọ ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, ẹnu ajá ló sì ti ń wọ ara fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí.

Ọmọ ajá máa ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó bá pé oṣù mẹ́ta, á tún gbà á lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ̀ lé ọjọ́ tí dókítà bá kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ajá yín bá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ náà máa bi yín ni pé, "Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́?" Ẹnu kò tó láti dáhùn ìyẹn. Káàdì tó ní orúkọ àjẹsára, nọ́ńbà tó wà lára ìgò rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ìbuwọ́lùwé dókítà ló ń dáhùn rẹ̀. Bí káàdì bá sì wà náà, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin lẹ ni káàdì yìí o. Ì báà jẹ́ ti dókítà, ì báà jẹ́ ti kọ́ńpìnnì, ẹni tó bá ní òun ló máa bá yín tọ́jú rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ má lè lọ síbòmíràn ni.

Kí ni kí n béèrè kí n tó yan?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ VCN ti ọdún tí a wà yìí, nítorí wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe máa tó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ajá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, owó oògùn lọ́tọ̀. Ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ ló ní ìnṣọ́ránsì tó ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Àpò ara wa ni tiwa. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè ra oògùn níbòmíràn. Tó bá jẹ́ ibi oníbráǹṣì, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó dúró níwájú yín bóyá òun fúnra rẹ̀ lè pinnu pé àyẹ̀wò kan kò pọn dandan, àbí ó di kí ó pe ọ̀gá ní ìlú mìíràn. Ìdáhùn sí èyí á sọ fún yín irú awakọ̀ tó ń wà yín.

Ẹni tó bá bínú nítorí irú ìbéèrè báyìí, ẹ gbé ajá yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní tèmi, fún àjẹsára, oògùn aràn, eégbọn àti àìsàn wẹ́ẹ́rẹ́, dókítà tòótọ́ tó sún mọ́ ilé, tí fíríìjì rẹ̀ sì ń tutù, ni mo máa ń yàn, bó dá ṣiṣẹ́ ni o, bó wà lábẹ́ ẹlòmíràn ni o. Fún iṣẹ́ abẹ ńlá, ibi tí ọwọ́ àti ẹ̀rọ bá pọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má lo méjèèjì.

Àbúrò mi kò kúrò lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì rẹ̀. Kíndìnrín ológbò náà ń fẹ́ àyẹ̀wò scan lóòrèkóòrè, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ wà. Ṣùgbọ́n ó ń gba ìwé oògùn lọ́wọ́ wọn báyìí, ó ń lọ rà á níbi tó ti dínwó.

Èmi àti Màmá ti Òkè-Àró sì jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó wà nítòsí wọn. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lára ògiri. Ó ṣí fíríìjì fún wa, tẹmómítà inú rẹ̀ wà lórí 4. Màmá wá bi í pé, "Dókítà, tó bá di òru, tí ẹ ò sí nílé ńkọ́?" Ó ní òun àti dókítà kan ní Ìjàpọ̀ jọ ń dúró fún ara wọn. Ó gba káàdì ọmọ ajá náà, ó yí i sẹ́yìn, ó sì kọ nọ́ńbà méjì síbẹ̀.